Èmi Ni Mo Pè É

Ìyá mi kò lè jókòó mọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó gbà pé mo rí i. Tí mo bá ti Ìlọfà dé ilé wa ní Ọ̀sì láàárọ̀ Sátidé, màá bá a lágbàlá tó ń gbálẹ̀. Kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀ kí n mumi, á ti padà sí ìdí kànga, á tún máa gbá ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Tí mo bá ní, "Màmá, ẹ jókòó díẹ̀," á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀, á ká a, á dìde. Á ní òun fẹ́ lọ wo ata tí òun sá. Á lọ, á bọ̀, á ti gbàgbé ohun tí òun lọ wò. Ní Sátidé kan mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń kà á sínú. Ìgbà mọ́kànlá ló wọlé, tó jáde, kí n tó ṣa abọ́ kan tán.

Ó ti lé lọ́dún kan tí àbúrò mi ti kú nígbà náà. Gbogbo èèyàn ló sọ pé ìbànújẹ́ ni. Ìyàwó pásítọ̀ wa fà mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n ní sùúrù fún wọn, pé ọ̀fọ̀ ọmọ kì í tán lára abiyamọ bọ̀rọ̀. Mo mirí. Mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ nìkan kọ́, nítorí èmi ni mò ń ra oògùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe jẹ́. Bàbá mi ń dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́, ó sì ní oko kajú kan tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ́nà Èrúkù. Ìyá mi ń bá a ṣe é, ó sì wà lára àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Áńgílíkà wa. Ọmọ méjì péré ni wọ́n tọ́ dàgbà, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Mò ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlọfà, mo gba yàrá kan síbẹ̀, mi ò sì tíì lọ́kọ. Àbúrò mi ní tirẹ̀ ń gbé nílé. Ó ní máṣíìnì kan tó fi ń kó ẹrù oko fáwọn èèyàn, ó mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà láti Ọ̀sì títí dé Ìlọfà bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ ni. Ó lè sọ fún ọ pé òun fọ́ àwo rẹ, kó o máa bá a rẹ́rìn-ín kó o tó gbọ́ ohun tó sọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, tí àwọn ìjọ ń múra ìkórè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà òun àti ìyá mi jà. Ó ti ṣèlérí pé òun á bá bàbá wa wa iṣu, ó sì tún gba ẹrù ẹlòmíì. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé bàbá rẹ̀ nìkan ló wà lóko bí ẹni tí kò bímọ. Ó dá a lóhùn pé òun á dé tóun bá dé. Inú bí ìyá mi. Ó ní, "Máa lọ! Bí o bá ti lọ, má padà wá sí ulé yìí mọ́." Ulé la ń pe ilé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń sọ sọ́mọ tó bá múnú bí i ni. Ó ti sọ ọ́ fún èmi náà láìmọye ìgbà, mo sì jẹun rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Èmi ò sí níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Ibi tí mo wà ni oríta Ìlọfà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń wá mọ́tò Ọ̀sì. Àwọn akọrin wa ń dánrawò fún ìkórè, èmi ni wọ́n sì ní kí n dá orin kan kọ. Láti ọdún tí mo ti ń kọrin, wọn ò tíì fún mi ní orin àdákọ rí. Mọ́tò kò sí. Látìgbà tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ti dé sí àwọn ọ̀nà wa, àwọn awakọ̀ kì í fẹ́ gbéra mọ́ tí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀. Mo pe àbúrò mi.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ẹ wòkè," ó ní. "Òjò yìí máa rọ̀."

"Kò ní í rọ̀ kó o tó dé. Wá gbé mi."

"Ẹ ṣáà sùn síbẹ̀ lónìí. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ lóhùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Tí o ò bá fẹ́ wá, sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní ọmọbìnrin Èrúkù yẹn ló pè ọ́, wàá ti gbéra."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ó dáa. Ẹ dúró sí oríta. Mò ń bọ̀."

Mo dúró. Òjò dé, mo sá sábẹ́ ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì. Mo pè é, fóònù ò lọ. Mo tún pè é. Nígbà tí òjò dá, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo bínú padà sí yàrá mi. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ti tàn mí, pé ó ti yà sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Inú bíbí yẹn ni mo fi sùn. Mo sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí n sinmi títí dòní, pé mo sùn dáadáa.

Láàárọ̀ ni bàbá mi pè mí pé kí n máa bọ̀ nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó gẹdú ló bàjẹ́ sí kọ́nà kan nítòsí Obbo-Ilé, wọn ò já ewé sí ojú ọ̀nà, wọn ò tan iná. Òjò ń rọ̀. Kò rí i.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú ọmọdé. Àwọn òbí mi kò lọ sí ìdí sàréè, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lọ. Ìyá mi jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Ẹnu mi ni. Mo ní kó má padà wá sílé, kò sì padà wá." Àwọn obìnrin ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbà á gbọ́. Gbogbo ilé ló gbà pé ó bínú jáde ni, pé ó ń gun máṣíìnì kiri nínú òjò nítorí pé inú rẹ̀ ò dùn. Ta ló máa mọ ohun tó gbé e lọ sí ọ̀nà yẹn? Fóònù rẹ̀ ti fọ́ túútúú.

Ìdí ẹsẹ̀ ìyá mi gan-an ni mo jókòó sí. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo ní kí ọjọ́ mẹ́ta pé ná. Ọjọ́ mẹ́ta pé, mo ní kó di ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsìn ogójì ọjọ́, mo ti mọ̀ pé mi ò ní í sọ ọ́. Kí ni màá sọ pé ó fà á tí mi ò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní?

Orúnkún ìyá mi ni oògùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn ún láti orí ẹní ọ̀fọ̀, kò sì rí oorun sùn. Mo lọ bá oníkẹ́míìsì kan ní Ìlọfà, ó fún mi ní tírámádọ́ọ̀, oògùn ara ríro tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń roko lágbègbè wa ń lò kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ pẹ́. Ó ní kó máa lo ọ̀kan lálẹ́. Alẹ́ àkọ́kọ́ tó lò ó, ó sùn. Láàárọ̀ ó jẹ ẹ̀kọ, ó sì fi ohùn kékeré kọrin nídìí ààrò. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ohun mìíràn tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ó bá ti lo oògùn náà, kì í sọ pé "ẹnu mi ni" mọ́. Ilé á dákẹ́. Èmi náà á lè mí.

Ìdí rèé tí mo fi ń rà á. Ọ̀kan di méjì, alẹ́ di àárọ̀ àti alẹ́. Nígbà tó yá, tí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ìyá mi ti wà lẹ́bàá títì tó ń dúró. Kì í ṣe èmi ló ń dúró dè, báàgì mi ni. "Ṣé o bá mi mú un wá?" Á sọ ọ́ kó tó sọ pé "káàbọ̀." Oníkẹ́míìsì náà bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ta ló ń lo gbogbo èyí?" Mo purọ́ fún un pé àwọn ìyá àgbà mẹ́ta ni mò ń rà á fún. Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíì.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà níṣojú wa. Ọbẹ̀ ń jóná, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná rí. Ó ń họra. Á máa tòògbé lórí ìdúró nígbà tí ìjọ bá ń kọrin, á tajì, á jáde síta, á wọlé, á tún jáde. Ó bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí ẹni tó máa gbá ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì lọ ìpàdé mọ́. Àwọn ìró rẹ̀ tó dáa ń dín nínú àpótí. Mo béèrè, ó ní òun fi ta èèyàn lọ́rẹ. Ìyàwó alágbàṣe kan ló ń kó wọn fún, obìnrin náà sì ń fún un ní oògùn. Ohun tí mò ń mú wá láti Ìlọfà kò tó o mọ́.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyá mi sùn lọ lórí àga, ó rí kókó ní etí ìró rẹ̀, ó tú u. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò wá síbẹ̀ rí. Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn, ó sì na oògùn náà sí mi nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lò ń rà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Kí wọ́n lè sùn ni."

Ó wò mí lọ títí. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ó sì gbé e mì. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́." Ó dìde. Nígbà tó délé, ó tú àpótí, ó tú abẹ́ ẹní, ó tú agolo iyọ̀, ó kó gbogbo oògùn tó rí, ó dà á sínú ṣáláńgá.

Ọjọ́ kẹta ló pè mí lọ́sàn-án gangan. "Máa bọ̀. Mi ò rí ìyá rẹ." Kò sí mọ́tò, mo gun ọ̀kadà. Mo dijú nígbà tí a dé kọ́nà yẹn nítòsí Obbo-Ilé, mi ò là á títí tí ọlọ́kadà fi ní a ti kọjá ìlú. A wá ìyá mi dé ilé alágbàṣe, a wá a dé ṣọ́ọ̀ṣì. Iwájú ìsọ̀ oníkẹ́míìsì kan lójú ọ̀nà Èrúkù la ti bá a. Wọ́n ti ti ìsọ̀ náà pa. Kò wọ bàtà, oòrùn mú bí iná, ó ń rìn láti ìkángun fàráńdà kan dé ìkángun kejì. Imú rẹ̀ ń dà bíi ti ọmọ kékeré. Aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n.

"Oníkẹ́míìsì ti lọ sóko ni," ó sọ fún mi bí ẹni tó ń bá èrò sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀. "Kò ní í pẹ́ dé."

Mo dì í mú. Ó ní, "Ọmọ mi, gbà mí." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì lù mí láyà. "Ìwọ lo fi í hàn mí! Ìwọ lo kọ́ mi!" Bàbá mi dúró sójú títì, ó di fìlà rẹ̀ mú, kò lè sún mọ́ wa. Mi ò gba ara mi sílẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ.

A gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló gbà wá, obìnrin tí orí rẹ̀ ti funfun, tó ń rìn jẹ́jẹ́. Nígbà tó gbọ́ ohun tí bàbá mi ṣe, kò bá a wí. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbà wọ́n là ni. Àmọ́ wọn kì í já a gbà lójijì bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù." Dókítà dá a dúró. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n gbà kó jáde síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi máńgòrò, òun, bàbá mi àti èmi. Nọ́ọ̀sì náà wá wo ìfúnpá rẹ̀. Bó ṣe ń tú okùn kúrò lápá rẹ̀, ó béèrè pé, "Màmá, kí ló ń dùn yín gan-an?"

Ìyá mi ní, "Ẹnu mi."

Nọ́ọ̀sì rò pé eyín ni. Ó ní kó yanu kí òun wò ó.

Mo dìde. Mo rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, mo padà. Mo tún lọ, mo padà. Bàbá mi ní kí n jókòó, mi ò lè jókòó. Ìgbà tó yá mo rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe ẹnu yín. Èmi ni mo pè é."

"Ta lo pè?"

"Àbúrò mi. Èmi ni mo pè é pé kó wá gbé mi ní Ìlọfà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé ó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí. "Nígbà wo?"

"Ọjọ́ náà. Ní aago mẹ́rin."

"Kò bínú jáde?"

"Kò bínú rárá. Ó ń rẹ́rìn-ín ni."

 Ó wá yí ojú sí bàbá mi. Mo rò pé ó fẹ́ kí ó bá òun bínú sí mi ni, àmọ́ ó ti rí ohun tí mi ò rí. Ojú bàbá mi kò yí padà. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a lójijì.

Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ẹ mọ̀."

Bàbá mi ń lọ́ fìlà rẹ̀. "Ó yà lóko kó tó lọ. Ó ní òun ń lọ gbé ẹ̀gbọ́n òun, pé òun á dé wá bá mi kó iṣu."

"Ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn."

"Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, o ò ní í lè wo ojú ọmọ yìí mọ́. Ọkàn mi ní, ọ̀kan ti lọ, kí èkejì má tún lọ."

"Èmi ńkọ́?" ìyá mi bi í. "Ẹ̀yin méjèèjì ń wò mí. Ẹ ń gbọ́ mi lójoojúmọ́ tí mò ń sọ pé ẹnu mi ni. Ẹ ń wò mí."

Kò sunkún. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó ní kó fún òun ní oògùn òun. Nọ́ọ̀sì ní àkókò kò tíì tó. Ìyá mi ní, "Ó dáa. Sọ fún wọn kí wọ́n kúrò níwájú mi."

Mo ti rò, ní gbogbo oṣù tí mo fi pa ẹnu mọ́, pé lọ́jọ́ tí mo bá sọ òótọ́, ara rẹ̀ á yá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló so ó mọ́ oògùn, pé tí mo bá tú u, ó di òmìnira. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn ti di ohun tí ara rẹ̀ ń béèrè, kò kàn án pé ta ló jẹ̀bi. Nísinsìnyí ó tún ní èèyàn méjì tí kò fẹ́ rí.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò bá wa lọ sílé. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Obbo-Ilé, ìyá Aládùúrà kan tó ń dín gàrí tà, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ìyá yìí ló gba oògùn náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó sì ń fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Ó pè mí, ó ní, "Má tíì wá." Síbẹ̀ mo lọ ní Sátidé àkọ́kọ́. Mi ò lè dúró sí Ìlọfà, mi ò lè dúró sí Ọ̀sì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìyá mi sì gba ẹ̀yìn ilé jáde lọ sóko. Mo se ọbẹ̀ lọ ní Sátidé kejì. Ó ti bu òkèlè kìíní kó tó béèrè ẹni tó sè é. Ó gbé abọ́ náà dìde, ó dà á fún adìyẹ.

Èmi àti bàbá mi náà ò gbọ́ra wa yé. Mo ń bínú sí i. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ká ní ó ti sọ ọ́ ni, gbogbo èyí ì bá má ṣẹlẹ̀. Ó ń pọ́n àdá lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìwọ náà lẹ́nu." A jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì pẹ́ kí a tó tún jẹ pọ̀.

Ìyá mi tún ṣubú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn alágbàṣe wà ní Obbo-Ilé náà, ó rí oògùn gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Oorun gbé e lọ nídìí agbada gàrí, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin gbígbóná. Àpá náà ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Sátidé kan dé tí mo wọ ilé wọn lọ́sàn-án, tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá mi nìkan wà nídìí agbada. Mo dúró kó dìde lọ. Kò dìde. Ó ń ro gàrí, kò wò mí. Ó ní, "Sọ ohun tó sọ."

"Ta ni, Màmá?"

"Má bi mí ta ni. Lórí fóònù."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti òjò, mo sọ pé mo ní tí kò bá fẹ́ wá kó sọ bẹ́ẹ̀, mo sọ ti ọmọbìnrin Èrúkù. Mi ò bu ọ̀kankan kúrò. Nígbà tí mo dé ibi tó ti bi mí pé ṣé èmi nìkan ni mo lóhùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni, nǹkan kan jáde lẹ́nu ìyá mi, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. "Bó ṣe máa sọ ọ́ gan-an nìyẹn," ó ní. "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá fi igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀, ó fi ìró bo ojú, ó sunkún. Mi ò tíì rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Gàrí fẹ́ jóná, mo mú igbá, mo ń rò ó.

Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Èmi ní kó má padà wá. Ìwọ ní kó máa bọ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí mọ́." Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mi ò sì bi í.

Nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó padà sí Ọ̀sì, nítorí bàbá mi ò lè dá a ṣà. Yàrá àbúrò mi ló ń sùn. Òun àti bàbá mi ń sọ ọ̀rọ̀ oko, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Oògùn náà kéré títí ó fi tán, nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ fún wa pé títán kọ́ ni òpin. Ó rí bó ṣe wí. Ọjọ́ ń bẹ tí ìyá mi ṣì máa ń gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi náà ò sinmi. Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, mi ò lè gun ọ̀kadà. Tí mo bá dé ilé, kí n tó kúnlẹ̀ tán ni ojú mi máa ń lọ sí etí ìró ìyá mi, bóyá kókó wà níbẹ̀. Ó mọ̀. Lọ́jọ́ kan kókó wà, ó tú u síwájú mi, ẹ̀pà yíyan ni. "Wò ó dáadáa," ó ní. Ojú tì mí, síbẹ̀ mo wò ó.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbọ́ ariwo wọn láti ojú títì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ewúrẹ́ bàbá mi ló já okùn, ó lọ sórí àpáta tí a ń sá nǹkan sí, ó sì jẹ nínú ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi sá. Ìyá mi ń sọ pé ẹni tí kò lè so ewúrẹ́ kò yẹ kó sin ewúrẹ́. Bàbá mi ń sọ pé ẹni tó sá ẹ̀gẹ́ ló yẹ kó ṣọ́ ẹ̀gẹ́. Ohùn méjèèjì lọ sókè, kò sì sí ohun mìíràn nínú ìjà náà ju ewúrẹ́ àti ẹ̀gẹ́ lọ. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn nínú ilé wa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn nínú wọn. Ìyá mi na ọwọ́ sí àpáta, ó ní kí n lọ kó èyí tó kù.